Ẹ̀kọ́ Lára Ànábì Yúsúfù Fún Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí gbogbo ìmọ̀ wà ní ìkáwọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ibi àsáláátù ọjọ́ Àìkú wa ní Ọ̀jọ́ọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ṣe àdúà tán, arákùnrin wa kan dìde. Ó ti kàwé gba dìgírì nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, èsì rẹ̀ dára, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti tó ọdún 3 tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ POS lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá garéèjì. Ó ní kí a bá òun tọrọ kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà òkè òkun fún òun, nítorí pé iṣẹ́ ìwádìí ni ọkàn òun fẹ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nítòsí. A ṣe àmín. Alàgbà kan láàrin wa wá bi í pé, "Ọmọ mi, níbo lò ń gbé?" Ó ní Mọ́níyà ni. "Mọ́tò tí ó ń gbé ọ wá sí Ọ̀jọ́ọ̀ láràárọ̀, ẹnu géètì ta ni ó ń gbà kọjá?" Ó ní ti IITA. "Ṣé o ti kọ̀wé sí wọn rí?" Ọmọ náà wolẹ̀, kò fèsì.

Kò sí ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ba gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ọ̀jọ́ọ̀ sí garéèjì ọkọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, sí ariwo ọlọ́kadà àti mọ́tò Máíkírà. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró ní oríta Ọ̀jọ́ọ̀, tí a kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, IITA ń bẹ níwájú wa, ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Bí a bá yíjú padà sí ọ̀nà Agbowó, Yunifásítì Ìbàdàn ń bẹ níbẹ̀ láti 1948. NISER, ilé ìwádìí nípa ọrọ̀ ajé àti ìgbé-ayé àwùjọ, Ọ̀jọ́ọ̀ níbí gan-an ni ó wà. Ẹni tí ó ń gbé láàrin odò tí òùngbẹ sì ń gbẹ, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí igbá rẹ̀.

ÌTÀN TÍ A FẸ́ KỌ́ Ẹ̀KỌ́ LÁRA RẸ̀

Nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súúrà 12, Ọlọ́hun sọ ìtàn Ànábì Yúsúfù fún wa. Púpọ̀ nínú wa mọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jù ú sínú kànga, a sì mọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ìjòyè Íjíbítì. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ bá wa tẹjú mọ́ lónìí ni ibi tí ọba ti lá àlá: màlúù 7 tí ó rù ń jẹ màlúù 7 tí ó sanra, ṣíírí ọkà 7 tútù yọ̀yọ̀, àwọn mìíràn gbẹ. Àwọn ìjòyè ọba ní àlá játijàti ni. Ìgbà náà ni agbọ́tí ọba rántí Yúsúfù tí ó ti gbàgbé sí ẹ̀wọ̀n láti ọdún pípẹ́.

Ẹ wo ohun tí Yúsúfù ṣe. Kì í ṣe ìtumọ̀ àlá nìkan ni ó sọ. Ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ó ní kí wọ́n fi ọdún 7 gbin nǹkan láìdáwọ́ dúró; ohun tí wọ́n bá kórè, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣíírí rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ; ọdún 7 ọ̀dá yóò tẹ̀lé e, ohun tí wọ́n pamọ́ ni wọn yóò máa jẹ nígbà náà; lẹ́yìn èyí ni ọdún òjò yóò dé. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pè é, kò sáré jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ọ̀ràn tí wọ́n fi sọ òun sẹ́wọ̀n. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ mọ́ tán ni ó tó dé iwájú ọba, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè iṣẹ́: kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó àká ilẹ̀ náà. Nǹkan 2 ni ó fi ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀: pé òun lè pa nǹkan mọ́, pé òun sì ní ìmọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ìtàn yìí, ẹ ó rí i pé gbogbo ohun tí ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílò láti rí iṣẹ́ àti owó ìwádìí lóde òní ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: KÒ JẸ́ KÍ ÌMỌ̀ RẸ̀ DÍPẸTÀ NÍNÚ Ẹ̀WỌ̀N

Inú ẹ̀wọ̀n ni Yúsúfù ti ń túmọ̀ àlá fún àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kò ní kí òun dúró kí òun tó jáde. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe POS lẹ́bàá garéèjì, iṣẹ́ hàláàlì ni ó ń ṣe, kí Ọlọ́hun fi bùkátà rẹ̀ bò ó láṣìírí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 3, bí wọ́n bá bi í pé kí ni ó ti ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀, kí ni yóò sọ? Wákàtí kan lálaalẹ́ tó láti kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò èsì ìwádìí. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó láti yọ̀ǹda ara ẹni ní láàbù olùkọ́ tí ó kọ́ni. Ẹni tí ó ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: AGBỌ́TÍ GBÀGBÉ, YÚSÚFÙ KÒ BỌ́HÙN

Ẹni tí yóò wọlé fún sikọ́láṣíìpù máa ń nílò ènìyàn 2 tàbí 3 tí yóò kọ lẹ́tà ẹ̀rí nípa rẹ̀. Bí agbọ́tí ọba ṣe gbàgbé ni olùkọ́ ẹni ṣe lè gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ìkà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Sọ fún un ní oṣù kan ṣáájú. Fún un ní ìwé èsì rẹ àti àkọsílẹ̀ ohun tí o fẹ́ kọ́. Rán an létí tìtẹríba-tìtẹríba nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ 2. Má sì gbára lé ẹnì kan ṣoṣo. Bí ti ọdún yìí bá sì bọ́, mọ̀ pé kì í ṣe òpin ayé. Àìrántí agbọ́tí kò dí kádàrá Yúsúfù lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọba nílò rẹ̀ ni wọ́n rántí rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÀBÁ TÍ Ó YÉNI YÉKÉYÉKÉ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó rò pé ẹkún ni a fi ń gba owó ìwádìí. Wọn a kọ̀wé pé bàbá wọn kú, pé ìyá wọn ń ta ẹ̀fọ́ ní Ṣáṣá. Ó ṣe wá láàánú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn olówó ìwádìí ń béèrè nìyẹn. Ẹ padà wo àbá Yúsúfù: kí ni ìṣòro náà? Ọ̀dá ń bọ̀. Kí ni a ó ṣe? A ó gbin, a ó sì pamọ́. Fún ọdún mélòó? 7. Ọ̀nà wo? Nínú ṣíírí rẹ̀, nítorí ọkà tí a kò tíì pa kì í tètè bàjẹ́. Kí ni èrè rẹ̀? Ìlú yóò jẹun. Ohun tí a ń pè ní àbá ìwádìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, bí wọn yóò ṣe pa ohun ọ̀gbìn mọ́ kí ó má bàjẹ́ ni NSPRI, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ń wádìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i bẹ̀rẹ̀ sí run pákí káàkiri Áfíríkà. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wọlé. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, dé sí IITA ní 1979. Àbá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ibi tí kòkòrò náà ti wá, ọ̀tá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Wọ́n wá a dé Paraguay, wọ́n rí agbọ́n tín-ín-tín kan tí ó ń pa á, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nílẹ̀ wa níbí ní 1981. Agbọ́n náà tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, pákí sì bọ́. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize. Gàárì tí a ń jẹ lónìí, owó tí àwọn kan fi ran àbá ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÓJÚ NI Ó TI WÁ, ÀBÍ ÌRẸ̀LẸ̀ NI?

Àwọn kan nínú wa ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní Mùsùlùmí òdodo kì í sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, pé Ọlọ́hun yóò fi hàn. Yúsúfù jẹ́ Ànábì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ànábì wa Muhammad náà kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí wa mọ́lẹ̀ kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Àdúà wa ní àsáláátù dára. Okùn ni ìwé tí a kọ, tí a sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ Ó ṢÍ SÍLẸ̀

IITA máa ń gba àwọn tí ó ń ṣe másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì wọn láti wá ṣe iṣẹ́ ìwádìí wọn níbẹ̀, lábẹ́ àwọn onímọ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe tí ó ní owó lọ́wọ́ a máa san ti àwọn kan. Wọ́n tún dá ètò ọ̀dọ́ oníṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2012.

Nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka Pan African University kan wà tí wọ́n ń pè ní PAULESI. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ni ín, sikọ́láṣíìpù ni ó sì fi ń gba àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sí ẹ̀kọ́ másítà àti ti ọ̀mọ̀wé, nínú irúgbìn, ìlera, àyíká àti ohun inú ilẹ̀.

Fún ẹni tí ó ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, TETFund wà, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀. Lára owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san ni ó ti ń wá. Ó ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ láti kàwé sí i, ó sì ní owó ìwádìí àpapọ̀ tí a ń kọ àbá kúkúrú fún kí wọ́n tó béèrè èyí tí ó kún. Nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, ẹgbẹ́ CARTA ń ran àwọn olùkọ́ tí ó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní òde, Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù tí ó wà ní Jeddah ń fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sikọ́láṣíìpù. Nàìjíríà sì ti wọlé láti 2005. Àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth fi ètò tiwọn lélẹ̀ ní 1959. DAAD ti ilẹ̀ Jámánì ti wà láti 1925, kì í sì í ṣe Jámánì nìkan ni ó ń rán ènìyàn lọ. A máa san owó fún àwọn mìíràn láti kàwé nílẹ̀ Áfíríkà níbí.

Ọ̀dọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí fúnra wọn ni kí ẹ ti ka ìkéde wọn. Ẹni tí ó bá ní kí o kó owó wá kí òun lè "bá ọ rí" àwọn tí ó ń fún ni, òun ni kí o sá fún. Arábìnrin wa kan ti san owó orí àjọ ìyá rẹ̀ fún irú wọn. Títí di òní, kò rí owó, kò rí ìwé.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ARÁBÌNRIN WA

Àwọn kan ń sọ pé hìjáàbù àti láàbù kò bára mu, pé bí obìnrin bá ti lọ́kọ, ìwádìí parí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa níbí. Ní 1998, ọdún àkọ́kọ́ tí L'Oréal àti UNESCO gbé ẹ̀bùn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Ọládùnní Taylor ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó gbà á, fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Gladys Fálùsì, ti yunifásítì kan náà, gbà á fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún. Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe, ọmọbìnrin tí ó ń kírun ní wákàtí rẹ̀ lè ṣe é. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má sọ àmáánà tí Ọlọ́hun fi sí orí ìyàwó yín di ẹrù ìdáná nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìyàwó ìjòyè ní àṣẹ lórí Yúsúfù, ó sì fẹ́ fi àṣẹ náà bà á jẹ́. Yúsúfù yan ẹ̀wọ̀n. Bí ẹni tí ìwé rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń fẹ́ ohun tí Ọlọ́hun kọ̀, má dá nìkan rù ú. Kọ ọjọ́ àti ohun tí ó sọ sílẹ̀, sọ fún òbí rẹ, sọ fún àwọn àgbà lóbìnrin nínú ẹgbẹ́, kí a jọ gbé e dé iwájú àwọn aláṣẹ. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má bi í pé irú aṣọ wo ni ó wọ̀. Aṣọ Yúsúfù ni wọ́n fi mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ̀yìn ni ó ti ya.

ṢÉ A LÈ GBA OWÓ LỌ́WỌ́ ẸNI TÍ KÌ Í ṢE MÙSÙLÙMÍ?

Wọ́n máa ń bi wá léèrè. Ọba tí Yúsúfù ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Ohun tí a ó wò ni iṣẹ́ náà: bí kò bá ní hàráámù nínú, tí wọn kò sì ní kí a fi ẹ̀sìn wa sílẹ̀, ẹ gbà á, kí ẹ fi ṣe rere.

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá dé, ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Àmáánà ni Yúsúfù kọ́kọ́ dárúkọ kí ó tó dárúkọ ìmọ̀. Owó oògùn láàbù kì í ṣe owó àgbò Iléyá. Ẹni tí kò wọn oko tí ó kọ ìwọ̀n sílẹ̀, irọ́ ni ó pa. Ẹni tí ó da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, olè ni, bí ó tilẹ̀ ń kírun tàhájúdì. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin irúgbìn lórí èsì èké, ebi àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bi wá léèrè lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Àwọn ọba Mùsùlùmí ìgbàanì mọ iyì èyí. Al-Màmúnù tí ó jọba ní Bàgídádì láti 813 títí di 833 náwó fún àwọn onímọ̀ láti wọn bí ayé ti tóbi tó. A kò ní àpò ọba, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dá ọ̀dọ́ wa dúró kò tó ti ọba. Owó transcript ni, owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, owó dátà láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni. Ẹ̀yin alhaji àti alhaja wa tí ẹ ń ṣe sàrá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ yà díẹ̀ sọ́tọ̀ fún èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọlé ṣáájú, ẹ bá àwọn tó wà lẹ́yìn ka àbá wọn kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́.

Ní ti arákùnrin wa ti Mọ́níyà, lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn Súhúrì, àwa 4 jókòó tì í nínú mọ́sálásí. A ní kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ wádìí. Ó sọ ọ́, ó gùn, kò yé wa. A ní kí ó tún un sọ bí Yúsúfù ṣe sọ ọ́ fún ọba. Nígbà tí ó fi máa di Àsárì, ojú ewé kan ti wà nílẹ̀, nípa bí ẹ̀wà ṣe ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alájàpá ọjà Ṣáṣá. Ó ti fi ránṣẹ́ sí ibi 2. A ń retí èsì. Bí ó bá bọ́, a ó tún un kọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, lọ́la tí mọ́tò bá gbé yín kọjá níwájú àwọn géètì wọ̀nyí, ẹ má ṣe wò wọ́n bí ilé àlejò mọ́.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí O mú Yúsúfù kúrò nínú kànga àti nínú ẹ̀wọ̀n, mú àwọn ọmọ wa kúrò nínú àìmọ̀ àti àìríṣẹ́. Fún wọn ní ìmọ̀ tí ó wúlò, fi àmáánà sí wọn lọ́kàn, kí O sì fi ọwọ́ wọn bọ́ ìlú wa. Àmín, yáá Rọ́bí.